Ọkùnrin Tó Ní Epo Ẹ́ńjìnnì Kì Í Gbó

Àna mi ni, ọkọ àbúrò mi obìnrin, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á dé àárín kó wá máa bi mí pé ṣé inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi. Ohun tó ṣojú mi nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀, èyí tí kò sì ṣojú mi, mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ṣojú rẹ̀ lọ.

Gbólóhùn-Kan ni àwọn èrò ọkọ̀ ń pè é. Bí èèyàn da igba ọ̀rọ̀ síwájú rẹ̀, ẹyọ gbólóhùn kan péré ni yóò fi dáhùn, yóò sì pa ẹnu dé bí ìkòkò tí wọ́n dé ní ìdérí. Àwọn ará èbúté rò pé ọgbọ́n ló kún inú rẹ̀. Wèrè tó pa ẹnu mọ́, ta ni yóò mọ̀ pé ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sọ́jà?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò láti èbúté wa lọ sí òdìkejì. Opó kan ló ni ọkọ̀ náà, Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ọkọ̀ náà nìkan ni ohun tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni, ó tóbi tó màlúù méjì tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yàrá tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò sì gba ju òun àti ẹnì kan tó bá fún ikùn mọ́ra.

Èmi tí mo ń kọ èyí, n kò jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé kankan rí. Ìdí ẹ́ńjìnnì ni mo ti kàwé mi, irin ló kọ́ mi ní á-bí-dí. Bí mo bá fi eyín di irin ìtúsíkúrù mú, tí mo fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo lè sọ pé pístọ̀n báyìí ló ń wúkọ́, àmọ̀dì ló ń ṣe pístọ̀n báyìí. Ọkọ̀ ńlá kan gúnlẹ̀ sí wa rí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo wọn tú u, wọ́n tò ó, kò dáhùn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo bá a wí bí a ṣe ń bá ọmọ tó ń ṣagídí wí, mo gbá a létí lẹ́ẹ̀kan. Kò tíì gbọ́ ìkejì tó fi ké. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ epo yé yín, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó ni mò ń sọ. Èyí tó nípọn ni, tó ń dúró sáàárín irin àti irin kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Bó ti ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì, ó ń kó èéfín, ó ń kó èérún irin, ó sì ń gbé ohun kíkan tí dísẹ́ẹ̀lì ń bí mì, kí ó má baà dé ara irin. Asẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, róbótó bí agolo mílíìkì ńlá, tó ń gba èérún lọ́nà. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í gba ohun tí epo ti gbé mì. Bí epo bá gbé e mì títí, ó ti yó nìyẹn, agbára rẹ̀ ti tán, kódà kó mọ́ bí omi orísun. Ìdí nìyí tí àwọn tó rọ ẹ́ńjìnnì náà fi ní bí aago rẹ̀ bá ti ka igba wákàtí ó lé àádọ́ta, kí wọ́n da epo ibẹ̀ nù, kí wọ́n rọ tuntun sí i, kí wọ́n sì pààrọ̀ asẹ́. Èwo ni tàwíjàre níbẹ̀?

Gbólóhùn-Kan ní tiẹ̀ ní, "Epo kì í gbó."

Ibi tó ti kọ́ ọ ni ìdí agbada ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ń dín ẹja tà létí omi. Bó bá dín ti òní tán, á fi aṣọ sẹ́ epo ìdín náà sínú ìgò, epo á sì mọ́ lóló, á di ọ̀la. Mo gbọ́ pé epo tó wà nínú agbada lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọkùnrin yìí náà ló ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ àbúrò mi. N kò sọ pé ó burú fún ẹja. Ẹja ti kú, kí ló tún lè ṣe é? Ẹ́ńjìnnì ló ń mí.

Àbúrò mi ńkọ́? Epo ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń tà, nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ní ẹnu èbúté, àwọn awakọ̀ sì sọ ọ́ ní Ìyá Elépo. Láti inú dúrọ́ọ̀mù ló ti ń wọn ọ́n sí kẹ́ẹ̀gì. Orúkọ ló ń tà, kì í ṣe epo. Nídìí òwò yẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá ní epo rẹ pa ẹ́ńjìnnì ẹnì kan, o lè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ. Kò sẹ́ni tí yóò bá ọ ṣẹjọ́. Wọn ó kàn máa yà fún ọ lọ́nà bíi pé o ní ẹ̀tẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo wọ ọkọ̀ Ìyá Ọlọ́kọ̀ lọ sódìkejì. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi kọjá yàrá ẹ́ńjìnnì láìyọjú. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo yọ, mo gbé e símú. Àwọ̀ epo náà kò dúdú tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀! Ó ń rùn bí àwo tí wọ́n jẹun sí tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ti bọ̀ láti òdìkejì, ilé wọn ni mo gbà lọ tààrà.

Ó wà ní pálọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ìdọ̀tí kúrò léèékánná. Àbúrò mi ń ká aṣọ lórí àga.

Mo ní, "Ìgbà wo lo pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì yẹn kẹ́yìn?"

"Epo mọ́."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó mọ́? Mo ní ìgbà wo lo pa á dà?"

"Epo kì í gbó, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ ńkọ́? Bí wọ́n bá fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí o fi mọ́, ṣé wàá padà di ọmọ ogún ọdún?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín, ó tún yára fi aṣọ bo ẹnu. Ọkùnrin náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wò mí láti àtàrí dé bàtà.

Ó ní, "Epo kì í gbó. Ẹ̀yin lẹ gbó."

Ẹ gbọ́ mi? Ó fi "ẹ̀yin" bú mi! Ì bá jẹ́ pé "ìwọ" ló pè mí, mà bá rí ibi dì í mú, mà bá ní kò mọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ló fi wé èébú náà, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ síni.

Mo dìde. Mo ní, "Àbúrò mi, o gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Ó rẹ̀ ẹ́? Gbólóhùn kan lóòjọ́, kí ló rẹ̀ ẹ́? Ẹnu?"

N kò mu omi tó gbé fún mi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì lọkùnrin náà ń gbà. Ìyẹn dára fún un.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nígbà náà nìyí. Nígbàkigbà tí aago ẹ́ńjìnnì bá pé, Ìyá Ọlọ́kọ̀ á ra epo tuntun lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n á gbé e wọ ọkọ̀. Gbólóhùn-Kan á sọ̀kalẹ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Á tú epo tó ti gbó sínú ọpọ́n, á ta aṣọ sí ẹnu garawa, á sẹ́ ẹ. Á tún un sẹ́. Lẹ́yìn náà, á dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì. Kì í pààrọ̀ asẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, dísẹ́ẹ̀lì ló fi ń ṣan án bí ẹni ń ṣan ife. Epo tuntun ńkọ́? Á gbé e sábẹ́ pákó ilẹ̀, á tẹ pákó mọ́ ọn. Kò tà á. Ì bá tà á, ì bá sàn lójú mi, torí olè yé mi, olè mọ ohun tó ń ṣe. Èyí gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé òun ń ṣe opó náà lóore. Ó ní ọjọ́ tí epo bá wọ́n ní gbogbo ayé, òun á ṣí pákó, gbogbo èèyàn á sì patẹ́wọ́ fún òun.

Aṣọ tó ń lò, ìró pupa àbúrò mi tó ti ṣá ni. Aṣọ tó ti gbó a máa jábọ́ ní fọ́nrán-fọ́nrán. Fọ́nrán náà ń bá epo wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń lọ lẹ̀ mọ́ asẹ́. Asẹ́ di. Nígbà tí asẹ́ bá di, ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, kí òùngbẹ má baà pa ẹ́ńjìnnì; ibẹ̀ ni epo wá ń gbà kọjá, tìdọ̀tí tìdọ̀tí. Èyí tó kù nínú fọ́nrán náà lọ dí ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà gòkè. Báyìí ni ẹ́ńjìnnì tó ń wẹ̀ nínú epo ṣe ń kú lọ fún àìrí epo mu.

Ó kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kún, ní agbedeméjì omi. Orí èbúté ni mo wà, mò ń ṣàlàyé ìgbésí ayé fún onítíkẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ohùn náà kí ẹlòmíì tó gbọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ kan bí òòlù, kò-kò-kò, ó wá ké igbe kan tó jẹ́ pé ẹja fò jáde nínú omi, wọ́n sì ń wojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Mo ní, "Béárìn ti lọ. Ṣáàfù ti gan."

Onítíkẹ́ẹ̀tì ní, "Bàbá, ẹ ò tíì débẹ̀ o."

Mo ní, "Ṣé ẹni tó gbọ́ igbe òkú gbọ́dọ̀ wọ pósí kó tó mọ̀?"

Ọkọ̀ mìíràn ló lọ so ó lókùn, tó wọ́ ọ wálé. Èrò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èpè. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ti dé, ó ti já gèlè sọ́wọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ọ̀pá irin gbìyànjú láti yí ṣáàfù, irin gbọọrọ tí gbogbo ẹ́ńjìnnì ń bá yí, kò mira. Mo tú asẹ́, mo gbé e gòkè síwájú gbogbo ayé, mo fi ayùn irin là á sí méjì.

Èérún béárìn, irin tí ṣáàfù ń jókòó lé yí, ń tàn nínú rẹ̀ bíi wúrà. Òwú sì wà níbẹ̀, fọ́nrán-fọ́nrán, ó dì mọ́ra bí irun tó dí ojú ihò omi ilé ìwẹ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ tẹ orí wò ó. "Òwú? Kí ni òwú ń wá nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ mi?"

Ó kọjú sí Gbólóhùn-Kan, tó dúró ti òpó ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. "Ìwọ lo ń bẹ nídìí rẹ̀. Wọ́n á ní ìwọ lo kó òwú sínú epo mi. Kí lo rí sọ sí i?"

Ó ní, "Mo sẹ́ ẹ."

Ṣé ẹ rí èdè wa yìí? Ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò fún ẹni tó fi asẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò nínú nǹkan, òun náà la ń lò fún ẹni tó ní ọwọ́ òun mọ́. Ọkùnrin yìí ń jẹ́wọ́, tìgbéraga tìgbéraga. Etí ogúnlọ́gọ̀ èèyàn sì gbọ́ pé ó ń jiyàn.

Onítíkẹ́ẹ̀tì pariwo, "Ó sẹ́ o! Ó ní òun sẹ́!"

Gbólóhùn-Kan mi orí. "Mo sẹ́ ẹ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀! Ó ní òun sẹ́ ẹ dáadáa!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sẹ́ ẹ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀! Ojú ẹ ò tiẹ̀ tì í!"

Èmi náà di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, mò ń pè é ní òpùrọ́, ó sì ń wò mí bíi pé èmi ni n kò gbọ́ èdè. Nígbà náà ni awakọ̀ kan láti ẹ̀yìn sọ ọ̀rọ̀ tó bá gbogbo nǹkan jẹ́: "Bí kì í bá ṣe òun, ẹ bi ẹni tó ta epo."

Ọrùn gbogbo èèyàn yí lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti ṣọ́ọ̀bù ni, àkísà tó fi ń nu àrọ tó fi ń rọ epo ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ wo àkísà! Ẹ wò ó léjìká rẹ̀!"

"A jẹ́ pé àkísà ló ń tà fún wa!"

"Ìyá Elépo Àkísà!"

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni mo ṣe?" Awakọ̀ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti lọ sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo tó rà láàárọ̀ jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, gbì! "Gba ẹrù ẹ. N ò fẹ́ sin ẹ́ńjìnnì." Òmíràn náà ti ń lọ gbé tirẹ̀. Ìyá Ọlọ́kọ̀, tó ti ń bá àbúrò mi rajà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, wò ó, ó kàn fa ìró rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí òun.

Ọrùn aṣọ Gbólóhùn-Kan ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo wà nítòsí tó láti rí ojú rẹ̀ nígbà tó yé e. Mo rí i. Ó yé e pé wọ́n ti ṣi òun gbọ́, ó yé e pé ìṣìgbọ́ náà ti tú òun sílẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Wọ́n ń bú ìyàwó rẹ̀ ní Elépo Àkísà, ó ń wo omi. Bí wọ́n bá ní kí n dárí ohun gbogbo jì í, n kò ní dárí wíwò tó wo omi yẹn jì í.

Àbúrò mi kò wo omi. Ó gba àárín èrò kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí asẹ́ tí mo là, ó fa fọ́nrán kan yọ, ó fi ìka méjì ra á títí epo fi kúrò lára rẹ̀. Ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Òwú náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó dìde, ó sì lọ dúró síwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, sẹ́ wo lẹ sẹ́?"

Ó gbé òwú náà sí i lójú.

"Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé èyí tí wọ́n ń fi ẹnu sẹ́ ni, àbí èyí tí wọ́n ń fi aṣọ sẹ́?"

Bó bá ní ti ẹnu ni, ó bọ́, ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ sì kú. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo fọ́nrán tó mú dání.

"Ti aṣọ ni."

"Aṣọ ta ni?"

Mo tú ọwọ́ mi kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá ẹ́ńjìnnì, a gbọ́ tó ń fa pákó. Nígbà tó gòkè, kẹ́ẹ̀gì kan wà ní èjìká rẹ̀. Ó tún sọ̀kalẹ̀. Ó ń gbé e gòkè, ó ń tò wọ́n, títí a kò fi rí ibi fẹsẹ̀ sí. Ìda pupa tí àbúrò mi fi ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kò tíì já lára ẹyọ kan.

Onítíkẹ́ẹ̀tì fọwọ́ borí. "Áà! Ó fi epo jókòó lórí epo, òùngbẹ wá pa ẹ́ńjìnnì!"

Ìyá Ọlọ́kọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O gbé ìdí agbada ẹja wọ inú ọkọ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi. Bọ́ọ́lẹ̀. Bí mo bá tún rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ lórí pákó yìí, inú omi ni mà á ti bá ọ sọ̀rọ̀."

Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kùn pé ó gbìyànjú, pé kì í ṣe gbogbo ọkùnrin ló máa jẹ́wọ́. Ẹ gbé ìyẹn sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ẹni tó dúró gbọ́ èébú ìyàwó rẹ̀ tán kó tó lanu, ìjẹ́wọ́ wo ló jẹ́? Mo gbé ayùn irin mi, mo dojú kọ ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn géńdé mẹ́jọ tó rọ̀ mọ́ mi. Méjì nínú wọn kò tíì lè na apá títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ni í." Ó nawọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. "Gbé e."

Kò sọ pé "ẹ gbé e". Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkùnrin náà, n kò gbọ́ kó yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu fún un rí.

Ó gbé e. Àwọn awakọ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, obìnrin náà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló rù wọ́n láti inú ọkọ̀ gba àárín èrò tó tò sórí ìlà, dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù, tó ń lọ tó ń bọ̀, òógùn bo ojú rẹ̀, àwọn èrò sì ń yà fún un láìkí i. Àbúrò mi já ìda ẹnu ọ̀kan. Ó pe awakọ̀ tó gbé epo rẹ̀ padà, ó da epo náà sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó nà án sí i lójú.

"Ṣé òwú wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Màmá."

"Tún un wò."

"Màmá, kò sí. Ẹ má bínú."

"Gbé tìẹ."

Awakọ̀ náà gbé e. Èkejì náà wá gbé tirẹ̀. Àbúrò mi nu ọwọ́, ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó kàn pé kí ló fẹ́. Gbólóhùn-Kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn ní èjìká, ó ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ sọ ibi tí yóò gbé e sí fún un. Oníbàárà méjì ni obìnrin náà ti dá lóhùn nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Kò tíì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.